Àjọ òkèèrè fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún ẹgbẹ́ aláró wa ní Òṣogbo: kí ni kí a bi wọ́n kí a tó fọwọ́ sí ìwé?

Akọ̀wé Aláró:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn obìnrin aláró kan ní Òṣogbo níbí. Àwa mẹ́tàlélógún ni. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ti ń rẹ aṣọ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ẹni tó kéré jù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù ni.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Yúróòpù, wá bá wa níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ìdàgbàsókè tó tọ́jọ́ ni iṣẹ́ àwọn, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa pé ó jẹ́ ìdàgbàsókè tó ń gbọ́ bùkátà àwọn tó wà láyé lónìí láì ba ti àwọn ọmọ tí a kò tíì bí jẹ́. Wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí yóò máa lo sólà fún wa, kí wọ́n gbé táǹkì lé orí òpó irin, kí wọ́n sì ṣe kòtò oníyanrìn tí omi aró tí a ti lò yóò máa gbà kọjá kó tó wọ ojú àgbàrá. Wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé kí a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn olójú ewé mọ́kànlá, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí a yọ̀ǹda ilẹ̀, kí a sì gbà kí wọ́n máa yà wá ní fọ́tò nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́.

Inú wa dùn, nítorí omi ni ẹ̀mí iṣẹ́ wa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi táńkà là ń rà, aṣọ tí a kò bá sì ṣàn dáadáa yóò máa ṣí sí oníbàárà lára. Àmọ́ ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àjọ mìíràn tí n kò ní dárúkọ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àdúgbò yìí kan náà. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n gbé pátákó ńlá síbẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́jọ tí ẹ̀rọ tó ń fa omi fi dákẹ́. A pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó náà títí, nígbà tí ẹnì kan sì gbé e, ó ní iṣẹ́ náà ti parí, òun sì ti wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Pátákó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Aṣọ là ń sá sí i.

Kí ni kí a bi àwọn èyí kí a tó fọwọ́ sí ìwé? Ta ni yóò ni kànga náà nígbà tí wọ́n bá lọ? Ṣé ó tọ́ kí a béèrè iye tí wọ́n fẹ́ ná? Màmá alága wa ní ìwà àìmoore ni kí ènìyàn gba ẹ̀bùn kó tún máa béèrè iye tí wọ́n rà á. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa pẹ̀lú wọn.

Bàbá Olómi:

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì bá mi kí Màmá alága. Kí sòbìà tó degbò, olúgaǹbe là á ké sí. Ẹ ti ké sí wa kí ọwọ́ yín tó kan ìwé, ó dára bẹ́ẹ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ omi àti ìmọ́tótó ní àwọn abúlé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, kí wọ́n tó gé Ọ̀ṣun kúrò lára rẹ̀ àti lẹ́yìn náà, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà díẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka èyí mọ sòbìà nínú òwe nìkan. Àwa rí i lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Aràn ni, inú omi adágún ni ènìyàn ti ń mu ún, á sì dàgbà lábẹ́ awọ fún nǹkan bí ọdún kan títí yóò fi gùn tó mítà kan, kó tó wá lu ẹsẹ̀ jáde, kó sì so àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Kò sí oògùn tó ń wò ó, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á láti abúlé dé abúlé ní 1988 sí 1989, àwọn tó ní in ní Nàìjíríà lé ní 650,000, a sì pọ̀ ju orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lọ lágbàáyé. Carter Center, àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1982, bá ìjọba wa fọwọ́sowọ́pọ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon pàápàá wọ inú abúlé lọ láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Ọdún 2008 ni ẹni tó ní in kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fún wa ní ìwé ẹ̀rí ní 2013 pé sòbìà ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé kì í ṣe kànga ẹ̀rọ nìkan ló lé sòbìà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń dára nínú fọ́tò. Asẹ́ aṣọ tí ìyá ilé fi ń sẹ́ omi wà níbẹ̀. Oògùn tí a ń dà sínú adágún wà níbẹ̀. Pàtàkì jù lọ, ọmọ abúlé tí a kọ́ níṣẹ́ wà níbẹ̀, tó ń ka àwọn tí ara wọn kò yá lóṣooṣù, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà kí ẹsẹ̀ bọ odò. Bí ọkọ̀ wa kò bá dé fún oṣù méjì, asẹ́ kì í dákẹ́. Ohun tí ẹ máa bi àjọ yín nìyẹn: ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fún wa ní nǹkan, èwo nínú rẹ̀ ni àwa fúnra wa yóò lè tọ́jú lọ́jọ́ tí ẹ kò bá sí níbí mọ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí kànga gan-an. Òkè àpáta ni Òṣogbo jókòó lé, omi abẹ́ ilẹ̀ wa sì ń gbé inú ibi tí àpáta ti sán, nítorí náà ẹni tó bá gbẹ́ ilẹ̀ láìkọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wo ìsàlẹ̀ ń ta tẹ́tẹ́ ni. Ẹ sọ fún wọn pé inú oṣù kejì tàbí ìkẹta ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fa omi rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó kí ara wọn kú oríire, torí irọ́ ni kànga tí a dán wò láàárín òjò máa ń pa. Ẹ gba ìwé tí agbẹ́lẹ̀ kọ: bó ṣe jìn tó, ibi tí omi dúró sí, iye omi tó ń wá ní wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú tí ẹ kò sì ní ìwé yìí, ẹni tó bá wá tún un ṣe yóò máa fọwọ́ wá a bí afọ́jú ni.

Páálí sólà kì í tètè bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ń lò ju ogún ọdún lọ, bí olè kò bá tú u. Ẹ̀rọ inú kànga àti àpótí tó ń darí iná ló ń tètè lọ. Ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ irú èyí wà lọ́jà ní Òṣogbo tàbí Ìbàdàn, nítorí ẹ̀rọ tí a ní láti dúró de ọkọ̀ ojú omi kí a tó rí pààtì rẹ̀ ti di òkú. Bí wọn kò bá fi bátìrì sí i, ẹ má jà. Omi tó wà nínú táǹkì ni bátìrì yín.

Kí wọ́n gbé omi náà lọ sí ilé àyẹ̀wò kí ẹnikẹ́ni tó bù ú mu. Ní ilẹ̀ Bangladesh, láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti gbẹ́ àìmọye kànga kí àwọn ọmọ má bàa máa kú nípa omi odò tó dọ̀tí, iṣẹ́ rere sì ni. Ní 1993 ni wọ́n wá rí i pé májèlé tí wọ́n ń pè ní arsenic wà nínú omi ọ̀pọ̀ nínú wọn láti inú ilẹ̀ wá. Ní tiyín, bí irin bá pọ̀ nínú omi, ẹ̀yin aláró ni ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀, nítorí yóò mú àwọ̀ yín ṣókùnkùn.

Ẹ dákun, ẹ má ṣe jẹ́ kí omi náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Iye kékeré lórí gáráwá kọ̀ọ̀kan, kí ẹni méjì máa ṣọ́ àpótí owó, kí ẹ kọ́ obìnrin méjì tó kéré tán láti máa ṣe ìtọ́jú ẹ̀rọ. Mo ní obìnrin, n kò ní ọkọ wọn. Mo ti kọ́ ọ̀dọ́kùnrin níṣẹ́ yìí rí, kí ọdún tó yí po, ó ti wà ní Èkó.

Oníṣirò Òkè-Fìà:

Bàbá ti sọ ti omi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó àti ìwé, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn. Mo ti ṣe ìṣirò owó fún irú àwọn àjọ yìí, mo sì lè fọkàn Màmá alága balẹ̀ pé bíbéèrè iye owó kì í ṣe àìmoore. Owó náà kì í ṣe ti ọ̀gá tó wá bá yín. Ẹnì kan ló fi sílẹ̀ nítorí yín, ó lè jẹ́ ìjọba kan, ó lè jẹ́ ìyá arúgbó kan tó ń fi díẹ̀ ránṣẹ́ lóṣooṣù, wọ́n sì sábà máa ń dè é mọ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọn kò gbọ́dọ̀ yí padà. Orúkọ yín àti fọ́tò yín ni ẹ̀rí tí àjọ náà yóò fi han olówó pé iṣẹ́ ti ṣe.

Ẹ rántí pé ní 2015, orílẹ̀-èdè 193 ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò lórí àfojúsùn 17 tí wọ́n fẹ́ kí ayé dé kó tó di 2030. Ẹ̀kẹfà ni ti omi àti ìmọ́tótó, ìkarùn-ún ni ti àwọn obìnrin, ìkẹjọ ni ti iṣẹ́ tó níyì. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ní ẹ̀yìnkùlé yín lè wọ inú ìwé wọn lábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ibi nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣèlérí fún olówó: bóyá wọ́n ní kànga kan, tàbí wọ́n ní obìnrin mẹ́tàlélógún tí yóò ní omi fún ọdún mẹ́wàá. Ìlérí méjèèjì kò dọ́gba, ìyàtọ̀ yẹn gan-an ló sì wà láàárín àjọ tó fi pátákó sílẹ̀ fún yín àti èyí tí ẹ ń wá.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba ní Nàìjíríà sábà máa ń forúkọ sílẹ̀ ní CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F òfin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti 2020, òfin náà sì sọ pé àwọn tó dá a sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pín owó rẹ̀ láàárín ara wọn bí èrè. (Owó oṣù òṣìṣẹ́ kì í ṣe èrè o; ẹ má ṣe bá wọn jà nítorí pé awakọ̀ wọn ń gbowó.) Wọ́n ní láti máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, kí wọ́n sì ní ìwé SCUML, ẹ̀ka tó ń ṣọ́ owó ẹlẹ́gbin lábẹ́ EFCC. Èyí tó bá ti òkèèrè wá tún ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ètò ìṣúná. Àjọ gidi kì í bínú bí ẹ bá ní kó fi àwọn ìwé wọ̀nyí hàn yín.

Ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ ìwé àdéhùn sí Yorùbá, kí ẹ sì kà á sókè nínú ìpàdé. Kí ó wà nínú rẹ̀ pé ẹgbẹ́ ló ni kànga, táǹkì àti sólà láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti parí iṣẹ́. Kí wọ́n dá díẹ̀ dúró nínú owó agbaṣẹ́ṣe fún oṣù méjìlá. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lóṣù kẹjọ bíi ti ìjọ́sí, òun ni yóò tún un ṣe. Kí ìwé náà sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí owó bá gé lójijì, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá: ní oṣù kìíní 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró, nígbà tó sì fi di oṣù keje ọdún náà, USAID, àjọ tí ìjọba náà fi ń ṣèrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè, tó ti wà láti 1961, ti pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn àjọ tó gbára lé e ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín méjì. Bí wọ́n bá gbẹ́ ilẹ̀ tán tí owó sì tán, ta ni yóò dí ihò?

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ta ló ni ilẹ̀ tí ẹ wà lórí rẹ̀? Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni ẹ ń yá lò, ẹ má gbé kànga lé e láìsí ìwé. Ọmọ onílẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan lónìí lè sọ̀rọ̀ nígbà tó bá rí táǹkì.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun:

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n mo rò pé a ti sáré kọjá ìbéèrè kan. Ṣé àjọ yìí bi yín léèrè ohun tí ẹ nílò, àbí wọ́n gbé kànga dání wá láti ilé? Mo ń béèrè nítorí pé ilé aláró ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ̀ pé bí a bá bi ìyá mi léèrè ohun tó ń dùn ún jù, kò ní sọ omi. Yóò sọ àdìrẹ ayédèrú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà, tó wà káàkiri ọjà wa ní ìdajì iye tí òun ń ta tòun, nígbà tí òun fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí aṣọ fún odindi ọjọ́. Bí omi bá pọ̀ tí aṣọ kò sì tà, kí ni àǹfààní rẹ̀?

Àwọn àjọ kan ti ronú nípa èyí. BRAC, tí Fazle Hasan Abed dá sílẹ̀ ní Bangladesh ní 1972, ṣí ilé ìtajà tí wọ́n ń pè ní Aarong ní 1978 láti máa ta iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin abúlé, kí wọ́n lè rí owó wọn gbà lásìkò. Títí di òní, ó wà lára àwọn òwò tí àjọ náà fi ń rí owó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìdúró de olówó òkèèrè nìkan. N kò sọ pé kí ẹ kọ kànga. Mo ní kí ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi díẹ̀ nínú owó náà wá ọjà fún yín.

Ti kòtò oníyanrìn ńkọ́? Yanrìn lè gba ìdọ̀tí tó ń léfòó, ṣùgbọ́n kò lè gba sódà tí a ń fi sí aró, tó ti yòrò sínú omi, àwọ̀ tó ti yòrò náà yóò sì kọjá lọ. Láyé àwọn ìyá ńlá wa, èlú àti omi eérú ni. Lónìí, sódà àti kẹ́míkà inú ọ̀rá ni. Ẹ ní kí wọ́n mú ẹni tó mọ kẹ́míkà wá, kí wọ́n sì sọ ẹni tí yóò máa kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ kòtò àti ibi tí yóò kó o sí. Odò Ọ̀ṣun ni gbogbo àgbàrá yẹn ń lọ, ó sì ti ní ìyọnu tirẹ̀: àwọn tó ń wa góòlù lókè ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi rẹ̀ di ẹrẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí omi tó ń ṣàn gba inú Igbó Ọ̀ṣun kọjá, igbó tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, pọ́n bí amọ̀. Ó máa ń bí mi nínú díẹ̀ pé aláró ni wọ́n ń wá kọ́ ní ìmọ́tótó odò, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ omi sódà di omi mímu.

Gbogbo wa la mọ ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ ìlú yìí dó. Lároòyè àti Tìmẹ́hìn kò ní èrò ibi; omi ni àwọn náà ń wá. Igi tí wọ́n gé ló wó sínú odò, tí Ọ̀ṣun fi ké láti ìsàlẹ̀ pé gbogbo ìkòkò aró òun ni àwọn oṣó igbó ti fọ́ tán. Kí àjọ yín kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìkòkò wà.

Bàbá Olómi:

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo gbà fún ọ lórí kòtò yẹn, n kò tilẹ̀ ronú kàn án. Lórí ti omi, n kò gbà tán. Ìyá rẹ kò sọ omi nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára láti máa rà á. Kó ṣírò iye tó ń lọ fún táńkà láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, kó tún wá dáhùn.

Akọ̀wé Aláró:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti ṣe ìpàdé náà, mo sì jẹ yín ní ìròyìn.

A tẹ ohun tí ẹ kọ síbí jáde, a sì kà á fún ara wa lálẹ́ ọjọ́rú. Nígbà tí àwọn àlejò dé, Màmá alága fúnra wọn ló béèrè iye owó, wọ́n sì béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá wọn kò bínú. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fi ìṣirò hàn wá, a sì rí i pé wọ́n ya owó sọ́tọ̀ fún ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ àti pátákó, ṣùgbọ́n wọn kò ya kọ́bọ̀ sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò omi. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó pátákó ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sára táǹkì pẹ̀lú ọ̀dà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò kọ̀wé sí ilé. Wọ́n gbà láti túmọ̀ ìwé àdéhùn. Wọ́n gbà kí iṣẹ́ dúró di oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó hàn lójú wọn pé ọdún ìṣirò wọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti fọ́tò, a ní kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé a jẹ́ òtòṣì.

Wọn kò gbà láti wọ ọ̀rọ̀ títa aṣọ. Wọ́n ní owó náà ti dè mọ́ omi. Ọ̀rọ̀ kòtò sì ṣì wà nílẹ̀: wọ́n ní àwọn yóò mú ẹni tó mọ kẹ́míkà wá, a sì ti sọ pé a kò ní fọwọ́ sí abala yẹn títí yóò fi dé.

Ilẹ̀ nìkan ló kù tó ń dà mí láàmú. Olórí ẹbí tó fún wa láyè ti dàgbà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló sì wà láàárín wa láti ìgbà yí wá. Ǹjẹ́ irú ìwé wo ni kí a bá wọn kọ?

Oníṣirò Òkè-Fìà:

Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò, kì í ṣe onílé-ìtẹ̀wé tó ń ta fọ́ọ̀mù. Kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí jọ fọwọ́ sí i, kì í ṣe òun nìkan, kó sì wà nínú rẹ̀ pé ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti dé ibi kànga fún iye ọdún tí ẹ bá fẹnu kò sí, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ta ilẹ̀ tó yí i ká. Ẹ ṣe é kí bàbá náà tó lọ sí oko tàbí kí ara wọn tó le jù báyìí lọ. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí ẹ lọ kí wọn.